Ta Ni Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Gbé Wá?
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìfọ̀nyìn, ọkọ̀ ńlá ìgbafẹ́ a máa gúnlẹ̀ ní èbúté Kútọnu nígbà mìíràn. Èrò inú rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Àgbàlagbà ń wá ìsinmi. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń wá Ganvié, ìlú tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué, níbi tí àwọn Tòfìnù sá sí nítorí àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé etíkun Ouidah ni a ti kó baba ńlá rẹ̀ lọ. Orírun ni ó ń wá, kì í ṣe ìgbafẹ́. Bí ó bá bi yín léèrè ìtàn, kí ni ẹ ó wí? Ẹ tètè jókòó ti àwọn àgbà, kí àlejò tó dé.