Awakọ̀ Tó Lo Oògùn Olóró: Ẹ̀wọ̀n Nìkan Kò Tó

Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2025, òfin tuntun jáde ní ilẹ̀ Faransé lórí àwọn awakọ̀ tó bá fi ọkọ̀ pa ènìyàn. Ẹni tó lo oògùn olóró kó tó wakọ̀, tó sì ṣekú pa ẹlòmíràn, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura, kó sì san owó ìtanràn 100 000 yúrò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹbí olóògbé ti ń béèrè fún òfin yìí: wọn kò fẹ́ kí ilé ẹjọ́ máa ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí èèṣì lásán.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọlọ́pàá ń mú kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò itọ́ ẹnu ló tú àṣírí wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni ìtọ́jú ti lè wúlò jù. Òfin Faransé gbà kí adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n fún ẹni bẹ́ẹ̀, kó sì so ó rọ̀, kìkì bó bá ń lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ oníṣègùn. Yóò máa mú ẹ̀rí wá pé òun ń lọ. Bó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n náà lè padà dé bá a. Ilé ẹjọ́ sì tún lè gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún ìgbà kan.

Àwọn kan ń pe èyí ní ìkẹ́ra fún arúfin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé ẹlẹ́wọ̀n ń jáde lọ́jọ́ kan, yóò sì tún wakọ̀. Bí oògùn bá ṣì jẹ́ bárakú fún un, kí ni ẹ̀wọ̀n ṣe fún àwa tí a jọ ń rin ọ̀nà? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Síbẹ̀, ìtọ́jú ní ààlà. Ẹni tó mu igbó lẹ́ẹ̀kan lè má nílò rẹ̀. Ìtanràn lè tó o. Ẹni tó sì pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ gbèsè tí oníṣègùn kò lè bá a san.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù àti oní-zemidjan kan ti ń fi tramadol lé àárẹ̀. Adájọ́ kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ síbi tí kò sí. Kí a tó kọ irú ìjìyà yìí sínú òfin, ó yẹ kí ibi ìtọ́jú wà nítòsí, kí owó rẹ̀ má sì ga ju agbára awakọ̀ lọ.