"WỌ́N NÍ ARÌNRÌN-ÀJÒ NI MÍ": TA NI "WỌ́N"?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó máa kọ "Àmín" sísàlẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àmín máa tọ́ sí.

Arábìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wà nílùú òyìnbó láti ọdún mẹ́rin. Àdéhùn wọn ni pé tó bá ti rí ibi fìdí lé, á mú òun àti ọmọ wá. Ó ti ríṣẹ́, ó ti rílé. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó bá ti béèrè, ohun tó ń sọ ni pé: "Mo ti wádìí, wọ́n ní arìnrìn-àjò ni mí. Kò tíì yẹ kí n so nǹkan mọ́ra."

Mo ní, "Wòlíì wo ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Dádì, wòlíì kọ́ o. Ó ní ìwé àwọn ará Ṣáínà ni."

Mo pe arákùnrin náà. Kò parọ́ fún mi, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Ìwé tí wọ́n ń pè ní I Ching ló ń lò, orí fóònù ló wà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ju kọ́ìnì, àmì 56 ló jáde. Lü ni wọ́n ń pè é lédè Ṣáínà, ìyẹn Arìnrìn-àjò. Ibẹ̀ ló ti parí ọ̀rọ̀.

Èmi náà jókòó, mo ka nǹkan yìí, torí kò dáa kí èèyàn máa bú ohun tí kò mọ̀. Ìwé àtayébáyé ni. Àmì 64 ló wà nínú rẹ̀, ìlà mẹ́fà ló sì para pọ̀ di àmì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà kan gùn gbọọrọ, àwọn yòókù gé láàárín. Pòpòrò ewéko 50 ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Lónìí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ju kọ́ìnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọpọ́n Ifá rí, ojú yín á ti máa là báyìí. Ifá ní Odù 256, àwọn wọ̀nyí ní 64. Arákùnrin yìí ò jẹ́ dé ilé babaláwo láéláé, á ní ìbọ̀rìṣà ni. Àmọ́ torí pé èyí wà lórí fóònù, tó sì wá láti òkèèrè, ó di "ọgbọ́n." Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú àmì náà gan-an. Iná lórí òkè ńlá ni àwòrán rẹ̀. Iná orí òkè kì í dúró pẹ́ lójú kan. Ó jó koríko ibí tán, ó sún síwájú. Kí ni àwọn àgbà Ṣáínà tó túmọ̀ rẹ̀ rí kọ́ níbẹ̀? Wọ́n ní kí ọlọ́lá ṣọ́ra tó bá ń fìyà jẹni, kó má sì fi ẹjọ́ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n bá lọ! Arákùnrin mi, ìwọ tó o ti fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ falẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ṣé o ka ibẹ̀?

Ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Nínú ọ̀kan, arìnrìn-àjò rí ilé wọ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ilé náà jóná, ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Nínú òmíràn ó rí ibùgbé àti àáké, síbẹ̀ inú rẹ̀ ò dùn. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìtẹ́ ẹyẹ jóná. Arìnrìn-àjò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún, màlúù rẹ̀ sì sọ nù. Ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà kan, Gu Jiegang, kọ̀wé ní 1929 pé ó jọ pé ìtàn ẹnì kan pàtó ni ti màlúù yẹn: Wang Hai, baba ńlá àwọn ọba Shang, darandaran tí wọ́n pa sílẹ̀ àjèjì. Àdánù ẹni ẹlẹ́ni ni arákùnrin wa ń kà bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun.

Ibo ni wọ́n ti ní kí ọkùnrin má mú ìyàwó rẹ̀ wá nínú gbogbo èyí? Kò síbẹ̀. Orúkọ àmì yẹn nìkan ló mú, ó fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún inú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Pásítọ̀, dígí lásán ni, a kàn fi ń ronú nípa ara wa ni." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Richard Wilhelm, ará Jámánì tó lọ sí Ṣáínà bíi míṣọ́nnárì ní 1899, ló tú ìwé náà sí èdè Jámánì ní 1924. Nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1950, Carl Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo inú ọkàn ara wọn. Ó dáa. Tó bá jẹ́ dígí ni, kí ló dé tó o ń sọ fún ìyàwó rẹ pé "wọ́n ní"? Èèyàn kì í wo dígí tán kó ní "wọ́n ní." Sọ pé "mo ní," kí obìnrin náà lè mọ ẹni tó máa bá wí.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ o, torí àwa náà jẹ̀bi. Mélòó nínú wa ló ń di ojú, tó ń ṣí Bíbélì, tó ń ki ìka bọ ẹsẹ kan, tó sì ń pè é ní ìdáhùn? Tí ẹsẹ yẹn ò bá dùn, a tún ṣí òmíràn. Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí kọ́ìnì? Tí wòlíì kan bá sọ ohun tí a ò fẹ́, a wá òmíràn lọ. Ọ̀dọ̀ wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ yìí ti kọ́ àṣà yẹn, kó tó ba kọ́ìnì pàdé. Mo tọrọ àforíjì fún ìpín tèmi.

Tó bá sì jẹ́ arìnrìn-àjò lo fẹ́ jẹ́, Bíbélì kún fún wọn. Ṣí Jẹ́nẹ́sísì 12. Nígbà tí Ábúráhámù ń lọ síbi tí kò mọ̀, ta ló mú dání? Ìyàwó rẹ̀! Mátíù 2: lóru ni Jósẹ́fù sá lọ sí Íjíbítì, ó mú ìyá àti ọmọ dání. Kò sọ pé òun á kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ìwé ìrìnnà ò sí nígbà yẹn bíi tòde òní. Àmọ́ Yorùbá náà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nígbà tí mo bá arákùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Dádì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbèsè tí mo fi wá ò tíì tán. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi wá rí irú yàrá tí mò ń gbé."

Ẹ ṣé ẹ rí i? Ohun tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn. Gbèsè, a lè ṣírò ẹ̀. Ẹ̀rù, a lè gbàdúrà sí i. Ìtìjú, ìyàwó ẹni ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní kó pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó sọ iye gbèsè náà fún un gẹ́lẹ́, kí àwọn méjèèjì sì jọ dá ọjọ́. Ó pè é. Ìyàwó sunkún, ó bínú, ó sì ní òun náà ní owó àjọ tí òun ń dá. Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí.

Ìwọ tó ò ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Ìbàdàn, kí ni ohun tó o ti mọ̀ pé ó yẹ kó o ṣe, tó o ṣì ń wá àmì tó máa ní kó o má ṣe é? Pe ẹni náà lónìí.

Olúwa á fún wa ní ìgboyà láti sòótọ́ nínú ilé wa. Èyí ni kẹ́ ẹ ṣe àmín sí.