Ijó Alẹ́ Àlàmísì: Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Wá Lọ Síbẹ̀?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fún ènìyàn ní ẹsẹ̀ láti fi rìn àti làákàyè láti fi yan ọ̀nà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa. Ilé ijó alẹ́ kan tí kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ti ya gbogbo alẹ́ Àlàmísì sọ́tọ̀ fún ijó tí wọ́n ń pè ní salsa. Àwọn òbí ti fi ẹjọ́ sùn wá. Ìyá kan, tí ọmọ rẹ̀ ti ṣe wòlímọ̀ lójú gbogbo wa, sọ pé láti bí oṣù mẹ́ta, ọmọ náà kò pa alẹ́ Àlàmísì kan jẹ ní ilé ijó, bẹ́ẹ̀ ni kò yọjú sí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí a bá àwọn ọmọ wí. A ó bá wọn wí. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí lé lórí.

Salsa nínú èdè Sípáníṣì, ọbẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìlú Níú Yọ́ọ̀kì ni orúkọ náà ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, láàárín àwọn ọmọ Puerto Rico àti Kúbà tí wọ́n ṣí lọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Fania, tí Johnny Pacheco àti Jerry Masucci dá sílẹ̀ ní 1964, wà lára àwọn tí ó gbé e ká ayé. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju ìyẹn lọ. Ó ti inú orin son ti ìlà-oòrùn Kúbà wá, níbi tí gìtá àwọn ará Sípéènì ti pàdé ìlù àwọn ẹrú láti Áfíríkà. Ọkùnrin àti obìnrin ní í jó o, ọwọ́ nínú ọwọ́.

A bi àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti lọ rí léèrè ohun tí ń fà wọ́n. Ìdáhùn wọn yà wá lẹ́nu. Wọ́n ní kí orin tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a kọ́kọ́ kó àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jó jọ, a sì fi sùúrù ka ìgbésẹ̀ fún wọn láti ení dé ẹẹ́jọ. Wọ́n ní ẹnìkan kì í fi ẹni tí ó ṣì ẹsẹ̀ gbé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àlejò kì í dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1950, gbọ̀ngàn ijó Palladium ní Níú Yọ́ọ̀kì ní alẹ́ Àlàrùbá tirẹ̀. Olùkọ́ a kọ́kọ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ijó mambo, tí salsa jogún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn onílù tó gorí àga. Ní ìgbà tí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣì le ní Amẹ́ríkà, dúdú, funfun, ọmọ Puerto Rico, Yahúdí àti ará Ítálì ń jó lórí ilẹ̀ kan náà níbẹ̀, títí gbọ̀ngàn náà fi kógbá sílé ní 1966. Àwa tí à ń fi èjìká kan èjìká nínú sáfù, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ: ibi tí a kò bá ti ta ènìyàn nù, ibẹ̀ ni yóò padà sí.

Ẹ tún jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn díẹ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lucumí. Àwọn aláṣẹ gbà wọ́n láàyè láti ní ẹgbẹ́ tí a ń pè ní cabildo, kí wọ́n sì máa lùlù, kí wọ́n máa jó ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún. Ẹgbẹ́ náà kò dúró lórí ìlù. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú, èyí tí kò dópin níbẹ̀ títí di 1886. Ìlù ni ayé gbọ́. Owó tí wọ́n dá jọ láti fi ra ọmọnìkejì padà kò pariwo.

Ní sáà kan náà, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí a tà sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì ń kó ara wọn jọ sínú yàrá láti kọ́ bí a ti ń kọ èdè Lárúbáwá àti láti kírun pọ̀. Nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn amúnisìn ní oṣù kìíní 1835, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ìwé Lárúbáwá ni a bá lára wọn. Àwọn kan di ìlù mú, àwọn kan di gègé mú. Ohun kan náà ló kó àwọn méjèèjì jọ: ènìyàn kò lè dá gbé nílẹ̀ àjèjì.

Ilé ijó òde òní ti mú ìlù, ó ti fi ìsìnkú àti ìràpadà sílẹ̀, ó sì fi ọtí dípò wọn. Níhìn-ín ni a kò ti ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ọlọ́hun ti ṣe ọtí léèwọ̀ nínú Súrà Máídà. Ó ti pàṣẹ fún ọkùnrin àti obìnrin nínú Súrà Núúrù pé kí wọ́n rẹ ojú wọn nílẹ̀. Báwo wá ni ọwọ́ àjèjì yóò ṣe wà ní ìbàdí ọmọ wa? Ẹni tí ó sì jó di òru jìn, ìrun Àsùbá ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ni yóò fi ṣòfò.

Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Changó, Yemayá àti Babalú Ayé tí à ń gbọ́ nínú àwọn kan lára orin Kúbà, Ṣàngó, Yemọja àti Ọbalúayé ni. Celia Cruz (1925–2003) àti Celina González kọrin nípa wọn. Kì í ṣe gbogbo orin salsa ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìṣẹ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí bàbá-bàbá rẹ̀ ti fi oríkì òrìṣà sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun Ọ̀kan ṣoṣo, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń gbè lẹ́yìn olórin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kì í ṣe ọ̀tá ayọ̀. Nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ará Hábáṣà fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí Mẹ̀dínà ní ọjọ́ ọdún, Ànábì sì dúró ti Áíṣà kí ó wò wọ́n títí ó fi sú u. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ pé "má lọ síbẹ̀", ó di dandan kí ó sọ fún un pé "wá síbí".

Kí ni ó wà níbí? Àwa náà jẹ̀bi. Àlejò wọ ìpàdé wa, kò sí ẹni tí ó bi í ní orúkọ. Gígùn ṣòkòtò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́. Àwọn arábìnrin wa jókòó sẹ́yìn aṣọ, níbi tí ohùn oníwàásù kò dé. Ẹni tí ó bá ṣi Fátíhà kà, a kẹ́gàn rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Kí a ṣí gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ìdárayá, fún arákùnrin lọ́tọ̀, fún arábìnrin lọ́tọ̀, kí ìpèsè àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Kí a yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kí àlejò lọ. Kí a ní àpò owó fún aláìsàn, fún ìsìnkú àti fún owó ilé-ìwé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi èpè lé ọmọ jáde. Ẹlòmíràn nínú wọn, aya tàbí ọkọ ni ó ń wá, ẹ sì lè ràn án lọ́wọ́ lójú mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ padà wálé. Bí ẹ bá sì dé tí ẹ kò rí àyè jókòó, ẹ pè wá lẹ́jọ́.

Kí Ọlọ́hun tún ilé wa ṣe kí ó lè gba àwọn ọmọ wa. Àmín.