Oògùn Ní Àwọ̀ Lára Lébẹ́ẹ̀lì, Ìmọ̀ràn AI Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí irúgbìn. Ọ̀rọ̀ AI ni, ẹ̀rọ tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè lórí fóònù tó sì ń dáni lóhùn. Ẹ má sọ pé kò kàn yín. Àgbẹ̀ tó ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ tó ká kò, tó wá bi fóònù rẹ̀ pé kí ló ń ṣe é, AI ló ń lò yẹn.

Àwọn ìjọba ti ń ṣòfin lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ ká bi ara wa ni pé: tí ìmọ̀ràn ẹ̀rọ bá ba oko jẹ́ ní ìlú wa, ta ló máa dáhùn?

Òfin tó lágbára jù níbẹ̀ ni ti EU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n sì ń mú un ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é máa yé àgbẹ̀ dáadáa. Ṣebí ẹ mọ àwọ̀ tó máa ń wà lára lébẹ́ẹ̀lì oògùn oko? Pupa ló le jù, yẹ́lò tẹ̀lé e, búlúù tẹ̀lé ìyẹn, àwọ̀ ewé ló rọ̀ jù. Bí EU ṣe to AI náà nìyẹn, bí ewu rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó.

Àwọn kan wà tí wọ́n fòfin dè pátápátá láti ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2025, bí ẹ̀rọ tó ń fún aráàlú ní máàkì lórí ìwà wọn, kí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ fìyà jẹ wọ́n. Àwọn kan léwu, àmọ́ wọ́n gbà wọ́n láàyè pẹ̀lú ìṣọ́ra: ẹ̀rọ tó ń yan ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, tàbí tó ń sọ ẹni tí wọ́n lè yá lówó. Èyí tó ń báni sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀rọ lòun. Ilé iṣẹ́ tó bá lo èyí tí wọ́n ti fòfin dè lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 35 owó yúrò, tàbí ìdá 7 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lágbàáyé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀.

Àjọ UN náà fẹnu kò ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2024 pé AI gbọ́dọ̀ ṣeé fọkàn tán. Àjọ AU fọwọ́ sí ètò tirẹ̀ fún Áfíríkà ní Accra ní oṣù keje ọdún yẹn, ó sì mẹ́nu ba iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ ìmọ̀ràn ni ti UN, ètò ni ti AU. Kò sí èyí tó lè gbé ẹnikẹ́ni dé ilé ẹjọ́ nínú wọn.

Ti Yúróòpù tó ní eyín, ará Yúróòpù ló ń ṣọ́. Kódà, ìmọ̀ràn oko kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n kà sí eléwu. Lójú tèmi, ó léwu ní ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ gbọ́ ìdí. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń fi atrazine pa koríko lóko àgbàdo, òfin ibẹ̀ sì gbà á. AI tó kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ìwé tiwọn, tí ẹ bá bi í nípa oko àgbàdo yín ní Ìsẹ́yìn, ó lè dárúkọ atrazine fún yín, kó tún bá yín ṣírò omi tẹ́ ẹ máa pò ó mọ́. Kò purọ́ o, òfin ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ta oògùn yẹn fún yín, NAFDAC lè mú un. Ẹni tó ni ìmọ̀ràn inú fóònù ńkọ́?

Àwọn tó dáa wà. Ẹ wo Nuru, tí PlantVillage ti yunifásítì Penn State ṣe pẹ̀lú FAO àti IITA. Ó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì sọ àrùn tó rí. Fọ́tò ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, wọn ò sì fi ìyẹn pa mọ́. Bó ṣe yẹ kí gbogbo wọn ṣe nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa:

1. Kí AI tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn sọ pé ẹ̀rọ lòun, kó sì sọ oko ibo ni wọ́n fi kọ́ òun.

2. Kò gbọ́dọ̀ ní kí àgbẹ̀ Nàìjíríà lo oògùn tí NAFDAC ti fòfin dè.

3. Kí ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún wa ní àdírẹ́sì níbí, àti ẹni tó máa dáhùn tí oko bá bàjẹ́.

Àwọn kan máa ní òfin Nàìjíríà, inú ìwé ló ń gbé. Mo gbọ́. Àmọ́ kí òfin paraquat tó dé, tí mo bá ní kí àgbẹ̀ má lò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní báyìí, mo ní ohun tí mo lè tọ́ka sí.

Èyí kan tiẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa: òfin tó ń dáàbò bo dátà, ti ọdún 2023, abala 37. Tí ẹ bá ní kí wọ́n yá yín lówó lórí fóònù, tí ẹ̀rọ nìkan sì jókòó tó ní rárá, ẹ lè ní kí èèyàn tún un wò, kí ẹ sì ṣàlàyé ara yín. Kódà tí ẹ bá ti tẹ “mo gbà”, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè yẹn sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àjọ NDPC ni kí ẹ fẹjọ́ sùn.

Ní tòní, oògùn tí AI bá dárúkọ fún yín, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ADP tó sún mọ́ yín kí ẹ tó fín in. Tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín bá pàdé aṣòfin yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí síbẹ̀. Tá a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́.

Ire oko o.