Ìlà Méjì Kò Tó fún Aláìsàn Òkè-Ògùn

Nọ́ọ̀sì á gún ìka aboyún, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà ìdánwò pẹlẹbẹ kan, á ní kó jókòó díẹ̀. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ìlà méjì ti yọ: àrùn mẹ́dọ̀wú B wà lára rẹ̀. Ní ìlú bíi Òtu ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. Bébà náà kò lè sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye yẹn wà lára ohun tí dókítà fi ń mọ̀ bóyá oògùn ti yá.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi 8 ló ní mẹ́dọ̀wú B. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Bí ojú bá sì pọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n á pè é, àgbo ló kàn.

Ní oṣù Kẹta 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ẹni tí kòkòrò rẹ̀ bá kọjá 2,000 IU nínú mílílítà kan, tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì dára, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní 2015, 20,000 ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tó ń ka iye kòkòrò yìí nítòsí aláìsàn. GeneXpert, tí àwọn ilé ìwòsàn wa ti ń fi wá ikọ́ ẹ̀gbẹ tipẹ́, lè ṣe é: wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ sínú ike kékeré kan, wọ́n á ti ike náà bọ inú ẹ̀rọ, èsì á jáde kó tó pé wákàtí kan.

Ó yẹ kí ìdánwò yìí dé Òkè-Ògùn. Àmọ́ kí ìjọba tó náwó lé e, kí wọ́n dán an wò níbi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Àwọn tó ṣe GeneXpert ní kí ooru yàrá rẹ̀ má kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ta ni kò mọ bí oòrùn ibí ṣe ń mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ìdánwò mẹ́dọ̀wú B lórí ẹ̀rọ yìí tún fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ títí omi rẹ̀ á fi yà sọ́tọ̀. Ìyẹn fẹ́ iná mànàmáná, ó sì fẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ti mẹ́dọ̀wú C rọrùn jù ú lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ojú ìka tó fún un.

Irú mẹ́dọ̀wú B tó gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní E, ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù àti Éṣíà. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn tiwa ló yẹ kí wọ́n fi yẹ ẹ̀rọ náà wò. Kí wọ́n pín ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí méjì, ìdajì sí ẹ̀rọ Òtu, ìdajì sí yàrá àyẹ̀wò ńlá n'Ìbàdàn, kí wọ́n fi èsì méjèèjì wéra. Níbi 2,000 yẹn ni kí wọ́n ti la ojú jù. Bí ẹ̀rọ bá ka 800,000 sí 600,000, ìtọ́jú ẹni yẹn kò yí padà. Bó bá ka 3,000 sí 1,500, ó lè dá ẹni tó yẹ kó gba tenofovir, oògùn mẹ́dọ̀wú B, padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí wọ́n fojú fò. Àgbẹ̀ tó fi oko iṣu sílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH yóò wọ mọ́tò gba Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn, yóò sanwó àyẹ̀wò, ó sì lè tún padà lọ gba èsì. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kí wọ́n ka iye ọjọ́ tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti èsì, kí wọ́n sì ka iye àwọn tí oògùn tẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá yege, kí wọ́n fi owó ike rẹ̀ sínú ìṣúná ọdọọdún, kó má baà dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá láìrí ohun tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́.