Iṣẹ́ bọ́, iṣẹ́ tún dé: ṣé owó tí ẹ gbà láàárín méjì kan owó orí yín?

Ẹ dúró sí Ìdó ní òwúrọ̀ kùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn rélùwéè àtijọ́ yẹn, kí ẹ wo àwọn tó ń sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Erékùṣù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan láàárín wọn. Ká ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lópin 2025, tí ilé iṣẹ́ sì fún un ní 600,000 náírà owó gbà-má-bìínú. Nígbà tó ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́, ó gba 25% nínú owó pẹ́ńṣàn rẹ̀ bí òfin ṣe gbà á láyè. Ní July 2026, iṣẹ́ tuntun dé, 150,000 náírà lóṣù.

Ẹ̀rù wá ń bà á: ṣé ìjọba ò ní ro owó àná mọ́ owó òní?

Rárá o. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 kì í gba owó orí lórí owó gbà-má-bìínú tí kò bá ju mílíọ̀nù 50 náírà lọ. Mílíọ̀nù 10 ni tẹ́lẹ̀, nítorí náà 600,000 ò tiẹ̀ débẹ̀. Owó pẹ́ńṣàn náà bọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa ní Peckham ò rí i báyìí. Títí di April 2025 tí wọ́n fòpin sí tax credits ní Ìlú Ọba, owó tó wọlé fún èèyàn lọ́dún tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣírò rẹ̀, àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba kan sì wà nínú ìṣirò náà. Bí owó tuntun bá wá ga jù, gbèsè lè tẹ̀lé e.

Tiwa yìí, ìjọba ló lè jẹ yín ní gbèsè, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ń lọ. 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbà láàárín January sí December ò ní owó orí. Ọdún ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ oṣù. Oṣù mẹ́fà tí ọ̀rẹ́ wa fi jókòó sílé wà lára ọdún rẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́ 900,000. Ẹ yọ 800,000, ó ku 100,000. 15% rẹ̀ jẹ́ 15,000 náírà, ìyẹn fún gbogbo ọdún. Àmọ́ bí oníṣirò owó ilé iṣẹ́ bá ṣe é bíi pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láti January, yóò lo 1,800,000, yóò sì máa yọ 12,500 lóṣooṣù. Títí December, 75,000 ti lọ. 60,000 dà? Tẹ́ ẹ bá tún yọ owó pẹ́ńṣàn àti ìdá 20% owó ilé, ó lè má jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀.

Owó náà ò sọnù, ṣùgbọ́n kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí LIRS kó tó di March 31, kó sì béèrè fún àjẹṣẹ́kù. Òfin fún wọn ní 90 ọjọ́ láti dá a padà. Ẹ tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró, lẹ́tà iṣẹ́ tuntun, gbogbo payslip, àti rìsíìtì owó ilé. Ẹ̀yin tí lándílọ́ọ̀dù yín kì í fúnni ní rìsíìtì, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́.