Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: ǸJẸ́ MÙSÙLÙMÍ LÈ SỌ ỌMỌ RẸ̀ NÍ ORÚKỌ ÒDÒDÓ?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ kan ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn òbí a mú orúkọ tí etí kò gbọ́ rí wá fún ọmọbìnrin wọn: Yasmin, Nisrin tàbí Sawsan. Bí ààfáà bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọn a ní òdòdó ni. Àwọn àgbà ilé a fajú ro, wọn a ní kì í ṣe orúkọ Mùsùlùmí. Nígbà mìíràn ọmọ a wá máa jẹ́ ọ̀kan nílé bàbá, òmíràn nílé ìyá.

Ẹ̀sìn kò ka orúkọ òdòdó léèwọ̀. Ìtumọ̀ orúkọ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ń wò. Barrah, èyí tí í ṣe oníwà-rere, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọbìnrin Abu Salamah. Ànábì kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ó jọ ìyìn ara ẹni, Ọlọ́run nìkan ni ó sì mọ ẹni rere láàrin wa. Ó ní kí wọ́n máa pè é ní Zaynab. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá sì ṣàlàyé pé igi kan tí ó rẹwà, tí ó ń ta sánsán, ni Zaynab. Ìyá àgbà tí ń jẹ́ Sẹ́nábù, tí ó sì ń kọ Yasmin fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ èyí! Rayhan pẹ̀lú, ewéko olóòórùn dídùn, wà nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé (Súrà 55, ẹsẹ 12). Òun ni Ànábì fi pe Hasan àti Husayn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tìtorí pé orúkọ ṣàjèjì kí ẹ mú un. Gbogbo òdòdó kọ́ ni ó ṣeé fi sọmọ. Difla lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n tewé tegbò rẹ̀ ni ó lóró. Bákan náà, orúkọ tí ẹnu ará ilé kò bá lè pè, ìnagijẹ ni yóò gba ipò rẹ̀. Súrà 49, ẹsẹ 11, sì kọ̀ fún wa láti máa fi ìnagijẹ burúkú pe ara wa.

Àwọn bàbá wa ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìmọ̀ ẹ̀sìn ni ilé tí Mùsùlùmí ń wò. Nítorí náà, kí òbí gbé orúkọ tí ó wù wọ́n lọ bá ààfáà ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kì í ṣe lójú àwùjọ. Kí ààfáà ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ láìfi ìbínú ṣe é. Kí àgbà má sì pe ohun tí ẹ̀sìn kò kọ̀ ní èèwọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ orúkọ rere, kí ìwà wọn sì dára jù ú lọ. Àmín.